Kí ni mítà iná mọ̀ nípa ilé yín, ta ló sì ń sọ ọ́ fún?

Ẹ bá mi mú rìsíìtì iná tẹ́ ẹ rà gbẹ̀yìn jáde, yálà èyí tí wọ́n tẹ̀ fún yín níbi POS ni o, àbí èyí tó wà lórí fóònù. Ẹ má wo nọ́ńbà ogún tẹ́ ẹ máa tẹ̀ sínú mítà nìkan, ẹ ka gbogbo ohun tó kù. Orúkọ yín wà níbẹ̀. Àdírẹ́sì ilé wà níbẹ̀, nígbà míì pẹ̀lú nọ́ńbà ojúlé gan-an. Nọ́ńbà mítà wà níbẹ̀, band tí àdúgbò yín wà, ìyẹn ìpele tí wọ́n pín àdúgbò sí gẹ́gẹ́ bí wákàtí tí wọ́n ń rí iná, iye yúnítì tí wọ́n fún yín, owó VAT tí wọ́n yọ. Ẹni tó bá rí bébà kékeré yìí he nílẹ̀ ti mọ orúkọ yín, ó ti mọ ibi tẹ́ ẹ ń gbé, tó bá sì rí méjì mẹ́ta ẹ̀ láàárín oṣù kan, ó lè fojú díwọ̀n bí owó ṣe ń wọlé fún yín. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wa la máa ń ya fọ́tò ẹ̀, tá a máa gbé e sórí státọ́ọ̀sì WhatsApp, pé ẹ wá wo nǹkan tí wọ́n fún mi fún ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá o.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ mítà ti dojú rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Àwọn kan ní mítà tuntun tí wọ́n ń gbé wá yìí ń ṣọ́ èèyàn nínú ilé, pé ó ní kámẹ́rà, pé ó ń gbọ́ ohun tá à ń sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, iná tó ń gba inú ẹ̀ kọjá nìkan ló ń rí. Àwọn míì ní ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, iná ló ń kà, kí ló kàn mí. Ìyẹn náà ò pé. Nǹkan méjì ló yẹ kéèyàn béèrè nípa mítà èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé síwájú ẹ̀: ẹ̀ẹ̀melòó ló ń ṣàkọsílẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, ta ló sì ń gba àkọsílẹ̀ yẹn. Ìdáhùn ìbéèrè méjì yìí ló máa sọ bóyá ẹ̀rọ yẹn kàn ń ka owó yín ni àbí ó ń sọ ìgbésí ayé yín fún ẹlòmíì.

Ohun tó ń kà

Yúnítì kan tí gbogbo wa ń pariwo ẹ̀ yẹn, kílówáàtì kan fún wákàtí kan ni. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ 1,000 wáàtì sí lára, tó bá ń fa iná fún wákàtí kan gbáko, yúnítì kan ti lọ. Gílóòbù 10 wáàtì máa tàn fún wákàtí 100 kó tó jẹ yúnítì kan náà. Ẹ wá rí i pé ẹni tó ń pa gílóòbù kiri ilé àmọ́ tó ń ki hítà bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì omi láràárọ̀ ò tíì fọwọ́ kan ibi tí owó ẹ̀ ń gbà lọ. Gbogbo nǹkan tó ń gbóná, áyọ́ọ̀nù, hítà, kẹ́tùlù, hot plate, àti nǹkan tó ń mú nǹkan tutù, áyésì àti fíríísà, àwọn ló ń jẹ yúnítì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó ẹ̀ torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún wọn ní 10,000 náírà. VAT 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ti wà nínú ẹ̀, tí wọ́n bá yọ ọ́, ó ku nǹkan bíi 9,302 náírà. Kó tó di oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, ń ra yúnítì kan ní nǹkan bíi 68 náírà, owó yẹn á fún wọn ní yúnítì bíi 136. Nígbà tí NERC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná, wá fọwọ́ sí 225 náírà lóṣù kẹrin ọdún yẹn, owó kan náà di yúnítì 41. Lóṣù karùn-ún ó wálẹ̀ sí 206.8, lóṣù keje ó gòkè díẹ̀ sí 209.5, ìyẹn yúnítì 44. Fíríìjì tó wà nínú ilé ò yí padà, mítà ò yí padà, owó ló yí padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń pariwo lọ́dún yẹn pé mítà òun ń sáré, mítà yẹn ò sáré, owó ló sáré.

Mi ò sọ pé mítà kì í bà jẹ́ o. Tẹ́ ẹ bá ń fura, ẹ yọ gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ pa gbogbo gílóòbù, kẹ́ ẹ wá lọ wo iná pupa kékeré tó máa ń ṣẹ́jú lára mítà. Tó bá ṣì ń ṣẹ́jú léraléra, wáyà kan ń gbé iná yín lọ síbòmíì, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù omi tẹ́ ẹ gbàgbé, ó sì lè jẹ́ aládùúgbò. Ẹ wá pa bíréékà ńlá tó wà lẹ́yìn mítà pátápátá, tó bá ṣì ń ṣẹ́jú lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà yẹn lẹ wá lè kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ iná pé mítà ní àìsàn, ẹ ya fídíò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ̀wé.

Ilé tí kò ní mítà, ta ló ń ṣọ́ ọ?

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí mo ti rí àwọn tó ń sọ pé nítorí àṣírí àwọn ò gba mítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà, mítà tiẹ̀ ń bo àṣírí ju bó ṣe ń tú u lọ, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Ilé tí kò ní mítà, bílì àfojúdá ni wọ́n ń gbé fún un, crazy bill tí gbogbo wa mọ̀. Ilé iṣẹ́ iná mọ iye iná tó gba orí fídà wọ àdúgbò yín, wọ́n mọ iye tí àwọn onímítà rà, ohun tó kù á wá bọ́ sórí àwọn tí kò ní. Ẹni tó rìnrìn àjò fún oṣù méjì á padà wá bá bílì oṣù méjì, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó lè fi bá wọn jiyàn. Ní 2020 NERC pàṣẹ pé bílì àfojúdá ò gbọdọ̀ ju iye kan báyìí lọ lórí fídà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn dín ìyà náà kù, àmọ́ àfojúdá náà ni àfojúdá ń jẹ́.

Èyí tó wá kan àṣírí gan-an ni ilé oníyàrá mẹ́wàá tó ń lo mítà kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ilé face-me-I-face-you rí mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n á yan ẹnì kan tó máa gba owó iná, wọ́n á ka gílóòbù, wọ́n á ka fáànù, wọ́n á ka tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó ní fíríìjì máa san jù. Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá gbé wọlé ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé. Páálí fíríísà tẹ́ ẹ gbé wọlé lálẹ́, wọ́n ti rí i. Àlejò tó wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ yín, wọ́n ń ṣírò omi gbígbóná tó fi wẹ̀. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn yín pé àwọn fẹ́ wo iye nǹkan tó wà nínú yàrá, ẹ ò sì lè sọ pé rárá torí wọ́n á ní ẹ ń fi nǹkan pamọ́. Mo mọ ìyá kan tó ń gbé hot plate ẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án, tó jẹ́ pé òru nìkan ló lè fi dáná, èèyàn ò gbọdọ̀ máa gbé inú yàrá ara ẹ̀ bí olè. Lọ́jọ́ tí kálukú bá gba mítà ara ẹ̀, gbogbo ìyẹn á parí. Ẹ ra tiyín, ẹ lo tiyín, kò sẹ́ni tó ní ìdí láti wọ yàrá yín mọ́.

Àmọ́ ṣá o, mítà kékeré tí láńlọ́ọ̀dù fọwọ́ ara ẹ̀ rà lọ́jà, tó wá so mọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn mítà ńlá, ìyẹn ò rí bákan náà. Láńlọ́ọ̀dù ló ń kà á, òun ló ń dá iye yúnítì, òun náà ló mọ oṣù tẹ́ ẹ ò sí nílé. Ẹ béèrè iye tóun gan-an ń ra yúnítì kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ iná, kẹ́ ẹ ní kó fi rìsíìtì hàn yín.

Mítà tó ń kà àti mítà tó ń ròyìn

Mítà àtijọ́ tó ní àwo tó ń yí, òṣìṣẹ́ ló máa ń wá kà á lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Nọ́ńbà kan péré fún ọgbọ̀n ọjọ́. Kò sẹ́ni tó lè fi nọ́ńbà kan ṣoṣo mọ ìgbà tẹ́ ẹ jí tàbí ìgbà tẹ́ ẹ sùn.

Prepaid tí ọ̀pọ̀ wa ń lò báyìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń da èèyàn láàmú jù. Nọ́ńbà ogún tẹ́ ẹ ń tẹ̀ sínú ẹ̀ yẹn, wọ́n ń pe ètò tó ń ṣe é ní STS, láti South Africa ló ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ń lò ó báyìí. Nínú nọ́ńbà ogún yẹn, wọ́n ti di iye yúnítì àti àsìkò tẹ́ ẹ rà á pọ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé mítà yín nìkan ló lè tú u, bíi kọ́kọ́rọ́ tí àgádágodo kan ṣoṣo gbà. Ìdí nìyẹn tí tóókìn, ìyẹn nọ́ńbà ogún yẹn, tẹ́lòmíì rí kò fi lè wúlò fún un nílé ẹ̀. Ìdí náà sì nìyẹn tí ẹ̀rọ yìí ò fi nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan, ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ ń gbé iṣẹ́ lọ fún un, òun ò gbé nǹkan kan padà.

Ẹ rántí ariwo ọdún 2024, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn tẹ nọ́ńbà ogún lọ́nà méjì kó tó di ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mítà ò ní gba káàdì mọ́? Àwọn kan ní ìjọba fẹ́ fi wọ inú ilé àwọn ni, àwọn kan ní wọ́n fẹ́ fọgbọ́n fi kún owó iná lábẹ́lẹ̀ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju báyìí lọ: ètò STS máa ń ka ìṣẹ́jú láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1993, òǹkà yẹn ló wà nínú tóókìn tí mítà fi ń mọ̀ pé wọ́n ti lò ó rí, kẹ́nikẹ́ni má bàa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún òǹkà náà ò gbà ju ìṣẹ́jú 16,777,216 lọ, àyè yẹn sì kún lọ́jọ́ 24 oṣù kọkànlá 2024. Nọ́ńbà méjì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ tẹ̀ ló jẹ́ kí mítà bẹ̀rẹ̀ òǹkà tuntun láti 2014. Kò kan owó, kò kan àṣírí.

Kí ni ilé iṣẹ́ iná wá mọ̀ nípa ẹni tó ń lo prepaid lásán? Wọ́n mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ rà, iye tẹ́ ẹ rà, ibi tẹ́ ẹ gbà rà á. Wọn ò mọ wákàtí tẹ́ ẹ lo áyọ́ọ̀nù. Síbẹ̀ àkọsílẹ̀ rírà yẹn náà ní ẹnu. Ẹni tó máa ń rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó wá dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta, kò lè ṣẹlẹ̀ kí wọ́n má béèrè, bóyá ilé ṣófo ni, bóyá ẹnì kan ti bypass mítà, ìyẹn ni pé ó ń fa iná láìjẹ́ kó gba inú mítà. Wọ́n máa ń rán òṣìṣẹ́ lọ wo irú mítà bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò, tẹ́ ẹ padà dé bá ìwé ìbéèrè lójú géètì, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, ẹ fi àyè gbà wọ́n kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi káàdì ìdánimọ̀ hàn yín, kẹ́ ẹ sì pe ọ́fíìsì wọn.

Smart meter ni ìkẹta, òun ló sì gba ká là á sílẹ̀ dáadáa. Ó ní síìmù nínú tàbí ẹ̀rọ rédíò kékeré, ó ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ fúnra ẹ̀, káàdì tẹ́ ẹ rà lè wọlé láìjẹ́ pé ẹ tẹ nǹkan kan, wọ́n lè gé iná yín láti ọ́fíìsì láìgun òpó, tẹ́nì kan bá sì ṣí ìdérí ẹ̀, ó máa ròyìn. Ó ní àǹfààní o: ẹ ò ní tẹ nọ́ńbà lóru mọ́, wọ́n á tètè mọ̀ tí iná bá lọ lápá ọ̀dọ̀ yín, kò sẹ́ni tó lè fi àfojúdá jẹ yín níyà. Àmọ́ kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan lóṣù ló ń kọ nǹkan sílẹ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú 30, ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú 15.

Ohun tí ìṣẹ́jú 15 lè sọ

Ọ̀jọ̀gbọ́n George Hart, nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1980, ló fi hàn pé téèyàn bá ń wo bí iná ṣe ń lọ sókè tó ń wá sílẹ̀ lórí mítà kan ṣoṣo, ó lè mọ ẹ̀rọ wo ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn nínú ilé. Fíríìjì ní bó ṣe ń fà á, kẹ́tùlù ní bó ṣe ń fà á, pọ́ǹpù ní tiẹ̀. Ní 1989 òun fúnra ẹ̀ kọ̀wé kìlọ̀ pé iṣẹ́ yìí lè di ohun tí wọ́n á fi máa ṣọ́ èèyàn. Ẹni tó mọ nǹkan ọ̀hún jù ló pariwo ẹ̀, kí wọ́n tó gbé smart meter dé ilé wa rárá.

Ẹ gbé e wá sí ilé wa. Ilé tí iná ẹ̀ ń ga sókè láago mẹ́rin ìdájí fún ọgbọ̀n ọjọ́ tẹ̀léra, sáàrì ni wọ́n ń sè, mùsùlùmí nìyẹn, mítà ti sọ ọ́ láìbéèrè. Ilé tó ń dákẹ́ lálẹ́ gbogbo ọjọ́ Ẹtì títí di ìdájí, wọ́n lọ ìṣọ́ òru ni. Ilé tí iná kan ń fà láì dúró láti alẹ́ dówùúrọ̀, tí kì í ṣe fáànù, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ tí aláìsàn fi ń mí. Ilé tí fíríìjì nìkan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, kò sẹ́nìkan nílé, ẹ fojú inú wo irú ẹni tó máa fẹ́ mọ ìyẹn. Kò sí ohun tó burú nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí, àmọ́ ta la ní kó mọ̀ ọ́n?

Bí mítà ṣe ń yára kọ ọ́ tó ló ń pinnu bí àṣírí ṣe máa tú tó. Ní Jámánì, lọ́dún 2011, àwọn olùwádìí fi mítà kan tó ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì-méjì dán an wò, wọ́n rí i pé àwọn lè mọ fíìmù tí tẹlifíṣọ̀n inú ilé ń ṣe, torí pé ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn nínú fíìmù ń yí iná tí tẹlifíṣọ̀n ń jẹ padà. Mítà tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 30 ò lè ṣe ìyẹn láéláé. Torí náà tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé smart meter mọ fíìmù tẹ́ ẹ ń wò, ẹ béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ń kọ ọ́ ná.

Àwọn tó ṣáájú wa nínú ẹ̀ ti jà á. Ní Netherlands, ìjọba fẹ́ fi dandan lé e pé gbogbo ilé gbọ́dọ̀ gbà á, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà wọn kọ̀ ọ́ lọ́dún 2009 nítorí ọ̀rọ̀ àṣírí, wọ́n ní láti tún òfin yẹn ṣe kó tó di pé ẹni tí kò bá fẹ́ lè sọ pé òun ò fẹ́. Ní ìlú Naperville ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú gbé ìjọba ìlú náà lọ sí kóòtù torí pé mítà tuntun ń kọ iná wọn sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15-15, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Lọ́dún 2018 kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sọ pé gbígba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú kí ìjọba yẹ inú ilé èèyàn wò. Kóòtù ò ní kí wọ́n yọ mítà náà o, wọ́n ní ìdí tí ìlú fi ń gbà á bójú mu, torí ọ̀rọ̀ iná ni wọ́n fẹ́ fi bójú tó, àmọ́ wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá ló fẹ́ ẹ láti fi wá ẹ̀sùn séèyàn lẹ́sẹ̀, tàbí tí wọ́n bá ń gbà á léraléra ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdájọ́ lè yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe pàtàkì gan-an lójú tèmi, torí ó fi hàn pé ìbéèrè ò parí síbi bóyá kí mítà wà, ó kù kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n máa fi ohun tó kọ ṣe.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní London àti Manchester ń gbé pẹ̀lú ẹ̀ báyìí. Níbẹ̀, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún ilé iṣẹ́ tó ń ta iná fún yín pé kí wọ́n máa gba àkọsílẹ̀ yín ní ìṣẹ́jú 30, tàbí lójoojúmọ́, tàbí, bí àdéhùn yín bá gbà á, lẹ́ẹ̀kan lóṣù péré. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ yẹn wà. Ẹ mọ̀ náà pé wọ́n lè yí smart meter padà sí prepaid láti ọ̀nà jíjìn, nígbà tí gbèsè bá wọlé, láìkan ilẹ̀kùn yín. Ariwo pọ̀ lórí fífi tipátipá gbé prepaid fún aláìní lọ́dún 2023 débi pé Ofgem, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná níbẹ̀, ní kí wọ́n dá a dúró ná títí wọ́n á fi tún òfin ẹ̀ tò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan Nàìjíríà gan-an. Mítà kì í rí iná jẹnẹrétọ̀, kì í sì í rí ti sólà àti inverter tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Ilé tó ń rí iná wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, mítà ẹ̀ ò mọ nǹkan púpọ̀ nípa ẹ̀. Àwọn ará Band A ló ń fi gbogbo ayé wọn lo iná ìjọba, nítorí ẹ̀ àwọn ni àkọsílẹ̀ wọn kún jù. Bí iná bá ṣe ń dára sí i ni ọ̀rọ̀ yìí á ṣe máa kan èèyàn púpọ̀ sí i, torí náà ìsinsìnyí ló yẹ ká béèrè.

Òǹkà tó wà lọ́wọ́ yín

Dátà fóònù náà, mítà ni. Òǹkà méjì ló wà, ti inú fóònù àti ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń gbowó. Tí méjèèjì ò bá bára mu, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà, torí ó sábà máa ń kà láti ọjọ́ kìíní oṣù nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ kẹrìnlá lẹ ra dátà yín. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ pa fídíò tó ń wọlé fúnra ẹ̀ lórí WhatsApp, kẹ́ ẹ sì ní kí àwọn áàpù má ṣe update àyàfi lórí Wi-Fi.

Ní ti àṣírí, ilé iṣẹ́ fóònù ò mọ ohun tẹ́ ẹ kọ sórí WhatsApp, àmọ́ wọ́n mọ ẹni tẹ́ ẹ pè, wákàtí tẹ́ ẹ pè é, bí ọ̀rọ̀ ṣe pẹ́ tó, àti máàsìtì tó gbé ìpè yẹn, ìyẹn ni pé wọ́n mọ àdúgbò tẹ́ ẹ wà. Òfin Cybercrimes ti 2015 ní kí wọ́n tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Síìmù yín sì ti so mọ́ NIN. Òǹkà fóònù mọ̀ yín ju mítà iná lọ fíìfíì, ó kàn jẹ́ pé mítà iná ló wà lára ògiri tá à ń rí i lójoojúmọ́.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe

Nọ́ńbà mítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò. Tẹ́nikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù tí wọ́n fi ń ra iná, orúkọ yín á jáde, lọ́pọ̀ ìgbà àdírẹ́sì á tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ má bàa ra iná sórí mítà ẹlòmíì, ó sì wúlò, àmọ́ ohun tí àwọn gbájúẹ̀ ń lò náà nìyẹn. Wọ́n á pè yín, wọ́n á dárúkọ yín, wọ́n á sọ nọ́ńbà mítà àti àdírẹ́sì yín láìṣìnà, wọ́n á ní ẹ jẹ gbèsè, ẹ tètè fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì báyìí kí wọ́n má bàa gé iná yín. Ẹni tó sọ àdírẹ́sì yín bó ṣe rí ò tíì fi hàn pé òun wá láti ilé iṣẹ́ iná. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára bílì tàbí kẹ́ ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ pariwo owó iná lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bo orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà mítà kẹ́ ẹ tó gbé fọ́tò náà jáde, iye owó àti yúnítì tó láti fi jà.

Òfin tó wà lẹ́yìn yín pọ̀ ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ. Abala 37 nínú ìwé òfin 1999 ló dáàbò bo àṣírí ilé ọmọ Nàìjíríà. Nigeria Data Protection Act ti 2023, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ èyíkéyìí pé kí lẹ kọ sílẹ̀ nípa mi, kí lẹ̀ ń fi ṣe, ta lẹ fún, títí dìgbà wo lẹ máa tọ́jú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀dà ẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé smart meter wá sílé yín, ẹ kọ̀wé béèrè iye ìgbà tó ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ lójúmọ́. Tí wọn ò bá dáhùn, NDPC, àjọ tí òfin yẹn dá sílẹ̀, lẹ máa fẹjọ́ sùn.

Ohun tó kù, ẹ̀yin ayálégbé ló kàn jù. Mítà kì í bá èèyàn kó lọ, ilé ló ń bá gbé, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ gbà á ló sì máa wà lórí ẹ̀ títí ẹnì kan á fi lọ yí i padà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ ilé tuntun, ẹ gba nọ́ńbà mítà ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ lọ béèrè lọ́fíìsì iná bóyá gbèsè wà lórí ẹ̀, torí wọ́n lè máa yọ gbèsè ẹni tó ti kó lọ nínú owó káàdì tẹ́ ẹ bá rà. Tẹ́ ẹ bá sì ń kó jáde, ẹ ya fọ́tò iye yúnítì tó kù lórí mítà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fún láńlọ́ọ̀dù ní kọ́kọ́rọ́, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ iná pé ẹ ti kúrò níbẹ̀, kí wọ́n yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín kúrò lórí mítà yẹn, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín.